Lẹ́tà Méjì Lórí Àtẹ́rígbà

Bíríkìlà lọ jẹun ọ̀sán ní aago kan. Kí ó tó padà dé ní aago méjì ààbọ̀, lẹ́tà méjì tí òun fúnra rẹ̀ ṣí jáde lórí àtẹ́rígbà Ilé Ogun ti di àwátì. Òjò kọ́ ni ó fọ̀ wọ́n lọ. Ẹnìkan ni ó fi irin gbẹ́ wọn kúrò lára òkúta, tí ó ha ibẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ha ìdí ìkòkò tí ó jóná.

Lọ́jọ́ mìíràn, kò sí ẹni tí yóò torí lẹ́tà méjì pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì sì ni ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ pinnu ẹni tí ó ni ilé náà. Bí ó bá jẹ́ ilé balógun gẹ́gẹ́ bí ìwé atọ́nà ìlú ṣe wí, ìlú ni yóò gbà á, ìyá arúgbó tí ó ń gbé inú yàrá méjì ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yóò sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, ìyá náà kò ní lọ sí ibì kankan. Ohun tí ó wà lára òkúta yẹn nìkan ni ó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n sì gbẹ́ dànù yìí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá obìnrin kan ni wọ́n rán wá. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, nítorí pé kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè láìkọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Àwọn tí ó ti kí ní pẹ̀lẹ́ pọ̀ lẹ́wọ̀n.

Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú Kọ́púrà, ọlọ́pàá kékeré tí ó máa ń bá a ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni, ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ní láti tẹ̀ ba kí ó tó wọlé, nítorí náà ohun tí wọ́n gbẹ́ sórí àtẹ́rígbà kò ga ju ojú ènìyàn lọ. ILE ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àlàfo kan tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn àlàfo náà ni OGUN.

"Kí ni ìwé wí nípa àlàfo yìí?" ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ béèrè.

Kọ́púrà ṣí ìwé atọ́nà ìlú, ó kà á sókè: "'Níbí ni Balógun dúró sí tí ó fi gba ìlú là. Kí àlejò fi ọwọ́ kan àlàfo orí ilẹ̀kùn. Ọta ìbọn àwọn ọ̀tá ni ó bà á.'"

"Ọta ìbọn wo ni ó ń ba òkúta tí ojú ibẹ̀ ń rí onígun mẹ́rin?"

"Bóyá ọ̀tá náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò, Ọ̀gá."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, kí a má purọ́, inú rẹ̀ sì dùn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tí ó kọ ìwé náà ni ọkọ Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé wọlé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ tí ó gbé e wọlé náà sì ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ kó ẹrù tirẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí yóò wọ̀ tí kò ní rí ìwé náà níwájú, tí àwòrán òǹkọ̀wé ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bí ènìyàn bá rí orogún rẹ̀ lójoojúmọ́ lórí páálí, á wù ú kí òjò pa páálí náà.

Bíríkìlà ní òun kò mọ̀wé. Símẹ́ǹtì àtijọ́ tí ó wà nínú àlàfo ni wọ́n ní kí òun tún rẹ́, ó sì ṣí kúrò lọ́wọ́ òun. Òun pariwo. Afinimọ̀nà, ẹni tí ó ń mú àwọn àlejò káàkiri ilé náà, sáré wá. Ìyá arúgbó náà wá. Àmọ́ ìdọ̀tí ṣì kún inú lẹ́tà nígbà yẹn, kò sí ẹni tí ó rí i kà. Ẹ̀yìn tí wọ́n lọ tán ni òun fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ mọ́, òun sì lọ jẹun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Ọ̀kan rí róbótó, bí ti èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Èkejì ní orí róbótó, ó wá na ẹsẹ̀ kan síta bí ẹni tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ ènìyàn."

"Irin ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ?"

"Irin mi náà ni! Ibi tí mo fi òun àti òòlù sí ni mo ti bá a. Símẹ́ǹtì tí mo wó sílẹ̀ gan-an, mi ò mọ ibi tí wọ́n kó o gbà."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wo ilẹ̀. Iwájú ilé náà mọ́ tónítóní. Ó rí i, ṣùgbọ́n kò rò ó. Ohun mìíràn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Afinimọ̀nà jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ogún àlejò ni ó wà níwájú rẹ̀.

"Láti aago kan títí di aago méjì kọjá, mo wà nínú ọgbà pẹ̀lú àlejò mọ́kànlá. Ẹ bi wọ́n léèrè. Méjì nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ni ẹ pè lórí fóònù nígbà tí bíríkìlà pariwo?"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Òǹkọ̀wé. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí ohunkóhun bá yí padà nínú ilé yìí, kí n sọ fún àwọn kíákíá. Ìwé tuntun wọn ti wà níbi ìtẹ̀wé."

"Ṣé wọ́n wá?"

"Mi ò mọ̀, mo ti wà nínú ọgbà." Ohùn tí ó fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò jẹ́ bi Màmá ẹ̀yìnkùlé léèrè? Wọn ò fẹ́ràn mi. Ìyá ìyá mi sọ kí wọ́n tó kú pé inú ilé yìí ni wọ́n bí àwọn sí. Màmá ní irọ́ ni, wọ́n ní ayálégbé lásán ni ìyá ìyá mi. Omi ẹ̀rọ, wọn kì í jẹ́ kí n bu mu níbẹ̀."

Màmá ẹ̀yìnkùlé wà lórí àpótí, ó ń yọ òwú lára aṣọ tí ó ń rán. Ó lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ jókòó, àga yẹn mọ́. Ohun gbogbo níbí mọ́, kì í ṣe ti afinimọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń wá síbí, kò mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rí. Èmi ni mò ń gbá gbogbo rẹ̀, láti ọmọ ọdún méje."

"Ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta, Mà?"

"Mo sùn. Àgbà a máa sùn lọ́sàn-án. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé Ilé Ogún yìí, àwọn ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi."

Kọ́púrà gbé bírò sókè. "Ogun àbí ogún, Mà?"

"Ogún. Èyí tí à ń jẹ, kì í ṣe èyí tí à ń jà." Ó fi eyín já òwú. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í pẹ́ kó tó jà."

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò jìnnà. Òǹkọ̀wé wà lẹ́yìn tábìlì tí ìwé kún bò. Ó dìde nígbà tí ó rí wọn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, ìkúnlẹ̀ tí ó dára tó láti bí ènìyàn nínú.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyálé."

Ọ̀rọ̀ náà ta Ìyá Pẹ̀lẹ́ lára. Obìnrin náà ṣì tinrin. Irun rẹ̀ wà létòlétò. Ife tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀, ife aláwọ̀ ewé kan tí etí rẹ̀ ti ya, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni ó rà á fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o. O lọ sí Ilé Ogun lónìí?"

"Rárá, Mà."

"Bàtà rẹ ńkọ́?"

Gbogbo wọn wo bàtà náà. Eruku símẹ́ǹtì funfun bò ó títí dé ibi ìdè.

"Mo gba ibẹ̀ kọjá," ni òǹkọ̀wé wí. Ó yí fóònù rẹ̀ dojú dé lórí tábìlì.

"Aago mélòó?"

"Mi ò wo aago."

Nígbà tí wọ́n jáde, Kọ́púrà ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n san owó oṣù fún lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá, a ti rí i! Ìwé rẹ̀ ni lẹ́tà yẹn fẹ́ bà jẹ́. Ó wá, ó gbẹ́ ẹ, ó purọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìròyìn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ kàn buwọ́ lù ú."

"Kọ ọ́," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń rí i lójú inú rẹ̀: òǹkọ̀wé láàárín ọlọ́pàá méjì, ọkọ ń sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, àwọn ará àdúgbò ní ojú fèrèsé. Àwòrán náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọjá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ara rẹ̀ láìmọ̀.

Dídùn yẹn gan-an ni ó mú un dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé bí ẹjọ́ bá ń dùn lẹ́nu báyìí, ìfẹ́-inú ọlọ́pàá ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìròyìn Kọ́púrà wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ń dúró de ìbuwọ́lù. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú ìwé òfìfo, ó sì kọ ohun tí ó wà lára òkúta sí i bí ó ṣe wà: ILE, àlàfo, OGUN.

"Wá, Kọ́púrà. Kí lo rí?"

"Ilé Ogun."

"Ta ló sọ fún ọ pé ogun ni? Ṣé o rí àmì kankan lórí rẹ̀?"

Kọ́púrà wò ó. Kò sí àmì. Àwọn àgbà tí ó gbẹ́ òkúta kò fi àmì sí nǹkan. Wọ́n gbà pé ẹni tí yóò kà á mọ ohun tí ó ń kà. Ẹni tí ó kọ ìwé atọ́nà ni ó dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó rí OGUN, tí ó pè é ní ogun. Ogun kò lè wà láìní balógun, ó wá balógun kan fún un. Balógun kò lè jà lóun nìkan, ó wá ọ̀tá fún un, ó sì fi ọta ìbọn sí ọwọ́ ọ̀tá. Láti inú ìwé, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ẹnu afinimọ̀nà. Láti ẹnu afinimọ̀nà, ó wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ó sì di ìtàn ìlú. Àwọn ọmọdé ti ń ya àwòrán balógun náà, pẹ̀lú irùngbọ̀n.

"Màmá ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?" ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ béèrè. "Báwo ni wọ́n ṣe pè é?"

"Ilé Ogún. Mo rò pé nítorí ẹjọ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn ni wọ́n ṣe ń pè é. Ẹnìkan gé orí ọ̀rọ̀ náà nígbà kan, àmọ́ ohùn òkè tó wà ní ìdí rẹ̀, kò rí i gé. Ó ṣì wà lẹ́nu wọn." Ó fi bírò kan àlàfo. "Lẹ́tà méjì ló gba ibí yìí. Ọ̀kan róbótó bí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ OGUN."

"O."

"Èkejì ní orí róbótó, ó na ẹsẹ̀ kan síta."

Kọ́púrà kọ R. Ó ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìpariwo, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Lẹ́yìn náà ó pariwo. "Yéè! Orogún! Ilé Orogún!"

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Nígbà náà, Ọ̀gá, òǹkọ̀wé náà ló gbẹ́ ẹ, torí pé..."

"Ta ló gbálẹ̀?"

Kọ́púrà wo ìròyìn rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Símẹ́ǹtì tí bíríkìlà wó sílẹ̀, èérún òkúta tí wọ́n gbẹ́, a ò rí ẹyọ kan. Ẹni tó ń dáàbò bo ìwé rẹ̀ kò ní dúró gbálẹ̀ ilé onílé. Afinimọ̀nà kò gbá a rí láti ọdún mẹ́jọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ ò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní dídọ̀tí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀."

"Màmá? Kí ló máa mú wọn gbẹ́ ẹ dànù? Ẹ̀rí tó máa fún wọn nílé!"

"Ó máa fún wọn nílé, àwọn àti ẹlòmíràn." Ìyá Pẹ̀lẹ́ mú fìlà rẹ̀. "Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà."

Wọ́n rí èérún náà lábẹ́ ewé gbígbẹ nínú ààtàn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kó o jọ dáadáa sínú àpò kan. Màmá kò tilẹ̀ jiyàn. Ó gbé aṣọ rírán sílẹ̀, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi símẹ́ǹtì dí i. Èmi ni mo bá wọn gbé omi. Àwọn ìyá-ńlá wa méjèèjì, temi àti ti afinimọ̀nà yẹn, àwọn ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà. Wọ́n jọ ru òkúta, ọkọ wọn kò ru ẹyọ kan. Wọ́n wá kọ Orogún síbẹ̀ fún ojú gbogbo ẹni tó ń sọ pé àwọn ò lè jọ gbé." Ó mi orí. "Àwọn lè jọ gbé. Àwọn ọmọ wọn ni kò lè ṣe é."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé ẹ mọ̀ pé láìsí lẹ́tà yẹn, ìlú á lé yín jáde lọ́la?"

"Mo mọ̀."

"Afinimọ̀nà kò ní lé yín."

"Yóò kí mi káàárọ̀!" ni ìyá náà fi igbe sọ. "Yóò máa bọ́ sí yàrá tí wọ́n bí mi sí, yóò máa kí mi káàárọ̀ bí onílé. Kí ìlú gbà á, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé yẹn ní balógun ló ni ín, balógun kò lórogún. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, mo máa ní ọta ìbọn ló bà á."

"Mà, irú owú wo rèé?"

Màmá wò ó, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. "O ń bi mí? Ìwọ? Gbogbo wa la wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí o kó ẹrù rẹ jáde. Ṣé o gbà láti jọ gbé?"

Kọ́púrà wo ibòmíràn. Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé àpò èérún náà, ó sì kọjú sí ọ̀nà àbájáde.

Nígbà tí wọ́n dé òpópónà, ó sọ̀rọ̀. "Bí Màmá bá sẹ́ lọ́la, ọ̀rọ̀ wa kò ju àlá lọ. Ẹ̀rí kan ló kù. Òǹkọ̀wé lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí bíríkìlà fọ lẹ́tà mọ́, kí Màmá tó dé. Obìnrin yẹn kì í rí ògiri kó má ya á ní fọ́tò. Ìdí tó fi dojú fóònù dé nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá."

"Kó lè pa á rẹ́ kí a tó kan ilẹ̀kùn? Èmi nìkan ni màá lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kan ilẹ̀kùn tí òun náà ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ti fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Láti inú yàrá, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ àtijọ́ tí ó ń bá rédíò jiyàn, bí ó ti máa ń ṣe. Òǹkọ̀wé ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde sí ìloro, ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Orogún ni," ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí. "Mo mọ̀ pé o ní fọ́tò rẹ̀."

Òǹkọ̀wé kò sẹ́. Ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. "Ìwé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti wà nílẹ̀, Mà. Balógun wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́."

"Nítorí ìwé nìkan ni o fi purọ́ fún mi?"

"Rárá." Ó fi ọwọ́ nu ojú, inú ń bí i pé òun ń sunkún níwájú ẹni yìí. "Nítorí pé mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa rán wá. Ọdún mẹ́fà, Mà! Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù nínú ilé yìí, ọkọ mi á ní, 'Ìyá Pẹ̀lẹ́ ìbá ti rí i.' Bí mo bá kọ ìwé, 'Ìyá Pẹ̀lẹ́ ìbá ti bi wọ́n léèrè dáadáa.' Ẹ̀yin ni mo ń bá gbé. Ẹ kàn kó ẹrù yín lọ ni."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ó fi rò pé òun nìkan ni owú ń jẹ, kò mọ̀ pé àwo méjì ni wọ́n bù ú sí.

"Mo lè tì ọ́ mọ́lé nítorí irọ́ tí o pa," ni ó wí níkẹyìn.

"Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò á ti lọ kí ẹ tó na ọwọ́." Òǹkọ̀wé gbé fóònù sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí rẹ̀. "Màá fún yín. Ohun kan ni mo fẹ́. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé èmi ni mo rí i. Orúkọ mi ní kíkún, ẹ má kọ 'òǹkọ̀wé kan'. Kí ọkọ mi kà á nínú ìwé ìròyìn pé èmi ni."

Òǹkọ̀wé kọ́ ni ó rí i. Ó dúró síwájú òkúta náà ni, ó yà á ní fọ́tò, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹlòmíràn fi fi orí ara rẹ̀ tú u. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti ya ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó rántí ìyá arúgbó kan tí ó mú òòlù lọ́wọ́, tí ó sì yàn kí òun sun ìta ju kí ẹlòmíràn kí òun káàárọ̀ lọ.

"Fi ránṣẹ́," ni ó wí.

Fọ́tò náà mọ́ kedere. Kọ́púrà ṣe é jáde lórí bébà, ó gbé e síwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì ya ìròyìn àkọ́kọ́ sí méjì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ kọ ohun tí òkúta wí. Ó kọ ohun tí Màmá ṣe, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún un nínú ìlà méjì. Ó kọ ọ́ pé ilé náà jẹ́ ti ọmọ àwọn ìyàwó méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má lé ẹnikẹ́ni.

Ó kù sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tí ó rí ẹ̀rí. Ó kọ orúkọ tí àwọn òbí òǹkọ̀wé sọ ọ́, èyí kò ṣòro. Ó kọ orúkọ ilé ọkọ tẹ̀lé e, orúkọ tí òun náà fi buwọ́ lu ìwé fún ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n kọ ju bí ó ṣe mọ tirẹ̀ lọ.